Ọsàn Méjì ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọsàn méjì péré ni ọkùnrin náà máa ń rà. Bí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá ti pé, á fi mọ́tò ìjàpá rẹ̀ ti Ìbàdàn wá sí Fìdítì, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á wá jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tí Àsíátù ọlọ́sàn dojú rẹ̀ délẹ̀. Á mu ọ̀kan, á fi èkejì sápò. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ ìwé tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ọkọ Àsíátù ti kú. Ọsàn ló fi tọ́ ọmọ. Lọ́rì ló fi ń kó o lọ sí Ìlọrin, kì í ṣe igbá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ò kí i. Ó kàn ní, "Báwo lẹ ṣe ń mọ ọsàn tó dùn?"

Àsíátù ń bó ọsàn rẹ̀ lọ bí ẹni pé ajá ló gbó.

"Màmá, ìbéèrè ni mo bi yín."

"Mo gbọ́. Kí o tó bi mí ní nǹkan kan, kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná."

Ó wo kóòtù rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dìde, ó kọ ọ̀rọ̀ yẹn náà sílẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ti ẹnu Àsíátù jáde ló máa ń kọ, èébú pẹ̀lú. Ó ní Olúmúyìwá lorúkọ òun, iṣẹ́ ìwádìí lòun ń ṣe. Orí ìka rẹ̀ máa ń dúdú bíi ti ẹni tó ń tẹ̀wé.

Àlàkẹ́, tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní kì í ṣe ọsàn ló ń wá.

"Ìyá Hàwáù, ẹni tó ń sun bẹntiróòlù láti Ìbàdàn nítorí ọsàn méjì, ìyàwó ló ń fẹ́."

"Ọmọ ọgbọ̀n ọdún? Kí n máa pọ̀n ọ́n?"

"Ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ ni? Bí àna ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Àlàkẹ́, ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó rẹ. Ọjà wa ló ń kọ́. Bó bá kọ́ ọ tán, á ra lọ́rì tirẹ̀, èmi àtìwọ á wá máa jẹ èèpo."

Nítorí náà, ẹni tó bá ra ọsàn méjì, ìdáhùn ọsàn méjì ni Àsíátù ń fún un. Ọkùnrin náà bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é tí ọsàn rẹ̀ kì í fi í bàjẹ́ títí yóò fi dé Ìlọrin.

"À ń kí i ni."

"Ẹ ń kí ta?"

"Ọsàn. Ọsàn tí a bá kí ní òwúrọ̀ kì í bàjẹ́."

"Ìdúró ni, àbí ìkúnlẹ̀?"

"Ìkúnlẹ̀ ni."

Ó kọ ọ́. Àlàkẹ́ fi ìborùn bo ẹnu.

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ni. Ní oṣù kẹwàá, Hàwáù ti Yunifásítì Ìbàdàn wá wo ìyá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa títa irè oko ló ń kọ́ níbẹ̀. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan; bó bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò oṣù kìíní, wọn á ní kó máa lọ sílé. Ilé tí Àsíátù kọ́, kò tíì fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yìí.

Ìyá àtọmọ jọ ń di apẹ̀rẹ̀. Hàwáù ń tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sísàlẹ̀, ó ń to ọsàn, ó tún ń tẹ́ ewé lé e. Ó ṣa èyí tí òjò pa sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un. Ọmọ ọdún méje ló ti mọ̀ ọ́n.

"Màmá, wọ́n ti ra ẹ̀rọ kan fún wa láti òkè òkun. Ó ní làákàyè bí ènìyàn."

"Kí ló ń jẹ?"

"Iná mànàmáná. Wọ́n tì í mọ́ yàrá. A ó kọ ìbéèrè wa, a ó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, ìdáhùn á ti jáde, ní títẹ̀."

"Kí ló ń ṣe láàárín ìgbà yẹn?"

"Ó ń ronú."

"Gbogbo ọjọ́ yẹn? Bàbá rẹ ò ronú tó bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi."

Hàwáù ò rẹ́rìn-ín. "Ìdáhùn rẹ̀ ni olùkọ́ wa fi ń máàkì. Ṣùgbọ́n ó máa ń ta ko ohun tí mo mọ̀."

"Lọ́wọ́ ta lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Lọ́wọ́ yín."

Àsíátù gbé ọsàn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé èmi ni mo fẹ́ máàkì ni? Èmi tí mi ò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà, o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi ta ko ẹ̀rọ tó wọkọ̀ ojú omi wá. Ohun tó bá sọ ni kí o kọ. Da tèmi nù."

"Mo gbọ́, Màmá."

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Olúmúyìwá ò wá mọ́. Àlàkẹ́ ní ó ti rí opó mìíràn ní Ìlọrà.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mọ́tò tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ dúró, Hàwáù sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ fún un. Wọ́n tún sọ mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ látorí mọ́tò. Àsíátù wo mátírẹ́ẹ̀sì náà, ó mọ̀ pé wọ́n ti ní kó máa lọ sílé.

"Ìbéèrè kan ló ṣe mí báyìí, Màmá. Wọ́n ní báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ọsàn rin ọ̀nà jíjìn tí kò fi ní í bàjẹ́."

"O mọ ìyẹn."

"Mo kọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo kọ pé kí òjò má pa á. Òdo ni wọ́n fún mi."

"Mo ní kí o kọ ti ẹ̀rọ."

"Rachel tí a jọ ń gbé yàrá kọ ti ẹ̀rọ, ó sì yege. Ọwọ́ mi ò lè kọ ọ́. Inú apẹ̀rẹ̀ yín ni mo dàgbà sí."

"Kí ni ẹ̀rọ ọ̀hún wí?"

Hàwáù yọ ìwé títẹ̀ kan nínú àpótí, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín: "Ọsàn tí a bá kí ní òwúrọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kì í bàjẹ́, kí o tó bi mí ní nǹkan mìíràn, kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná."