Bátìrì Sanmí

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, Gbọ́njúbọ́lá, ìyá Sanmí, kú ní Ìyànà Ọ̀fà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sanmí ń to kọ̀ǹpútà tí yóò fi máa gbá géèmù.

"Bàbá mi, káàdì àwòrán géèmù yìí, àlòkù ni mo rà, síbẹ̀ owó bátìrì tí yóò máa gbé e bí iná bá lọ ò sí."

Àjàní, bàbá rẹ̀, fajú ro.

"Àpà! Ṣé ọjà nìkan la ti ń rí nǹkan? Wá inú ilé wò ná."

Ó gbé Bíbélì, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Sanmí wá inú ilé wò.

Nígbà tí wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò kú. Ariwo ìbọn géèmù gba gbogbo ilé.

Ohun tí Gbọ́njúbọ́lá fi sílẹ̀ ní yàrá kejì nìyí: sùtánà funfun, ìgò omi àdúrà, gèlè lórí ìrọ̀rí, àti ẹ̀rọ tó fi ń mí, láìsí bátìrì.