Ẹni Tí Wọn Kò Pè Dìde

Láyé eré wa, ẹni tó bá kú nínú eré kì í dìde àfi bí wọ́n bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀.

Lálẹ́ tí ìlú fẹ́ dá Láyíwọlá, àgbà òṣèré, lọ́lá, òun nìkan ló kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn sinimá. Ilẹ̀kùn pa dé mọ́ ọn. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn aṣọ funfun tí fíìmù máa ń hàn lára rẹ̀.

“Bọ̀dá Láyí, lọ́jọ́ tá à ń ya fíìmù yẹn, òjò dé, ẹ sì sá lọ. Ẹ ò pè mí dìde.”

Ohùn ẹni tó ṣe òkú nínú fíìmù tí wọ́n jọ ṣe ni, lógójì ọdún sẹ́yìn.

“Àbúrò, ṣílẹ̀kùn.”

“Ẹ pè mí ná, ká jọ jáde.”

Láyíwọlá lanu. Ó wá orúkọ náà títí, kò rántí.

“Ẹ máa rò ó,” ni ohùn náà wí jẹ́jẹ́. “Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.”