Bíréèkì Akọ̀wé

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ tún ọkọ̀ yín ṣe! Eré tí ẹ ó máa sá láìpẹ́, kí àwọn ìyá yín máa gbàdúrà ni!"

Báyìí ni Alága ìjọba ìbílẹ̀ wí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́nu, ikùn níwájú.

Akọ̀wé gbà á gbọ́. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì kò bá a wáṣẹ́, ló bá fi ẹ́ńjìnnì alágbára sínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé eré tí kò ní ìjánu, ọ̀run ló ń lọ. Ó fi bíréèkì tuntun tì í.

Lónìí, ilé-ìwòsàn fẹ́ gbà á láti máa fi ọkọ̀ náà kó oògùn, bíréèkì sì ń han bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Mẹkáníìkì dé, jáàkì léjìká. Ó tú táyà.

"Akọ̀wé, eré àsápajúdé yìí mà pọ̀ o! Páàdì á ti jẹ tán."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kò mà jẹ rárá! Irin rẹ̀ ló dípẹtà. O kì í tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ibo ni kí n ti tẹ̀ ẹ́?"

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ha ìpẹtà náà kúrò.

Akọ̀wé wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró láìhan, létí kòtò tó jìn ju ìdúró ènìyàn lọ, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ Alága gbẹ́ lọ́dún tó kọjá kí wọ́n tó palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Láti ìgbà náà, ọkọ̀ náà kò tíì kọjá ibẹ̀.

Fóònù ń dún. Ilé-ìwòsàn ni.

Alága ní òun yóò da ọ̀dà sí òpópónà yìí.

Kò dà á.