Àyè Lẹ́tà Ogún

Lọ́dún 1998, àwọn àgbẹ̀ Ìlobù àti ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun fẹnu kò láti kọ gbogbo oko tó wà lẹ́bàá ààlà sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo: orúkọ olóko, àti ìlú tó ni oko. Bí ẹ̀rọ bá lọ kọ oko ìlú kan fún ìlú kejì, àdá ni wọn ó fi parí ẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan wá mú ọmọ rẹ̀ kan jáde tó mọ èdè C, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ẹni tí àléébù rẹ̀ bá kéré jù ni wọn ó lò.

Abọ́dúnrìn ni ti Ìlobù. Ó ní ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, ó ní ọmọṣẹ́ márùn-ún, kò sì jókòó títí gbogbo ìjókòó fi gbọ́ ọ. Munirah ni ti Ìfọ́n. Gánà ni àwọn òbí rẹ̀ ti dé lọ́dún 1969, ike ni wọ́n ń tà. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, orí kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló sì ti kọ́ èdè náà fúnra rẹ̀.

"Ọmọ oníke," ni Abọ́dúnrìn wí. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

Alága wọn ni Tíṣà Àgbà Àdìsá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ará Ìlobù ni bàbá rẹ̀, ará Ìfọ́n ni ìyá rẹ̀, ó sì ti fi pàṣán na ọmọ ìlú méjèèjì dọ́gba. Kò mọ kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn sórí bébà, kí oníkálukú gba ti ẹnìkejì rẹ̀, kó kà á láì tan ẹ̀rọ kankan, kó sì wá àléébù ibẹ̀. NEPA kúkú ti mú iná lọ láti ọjọ́ Ajé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Yésúfù, àgbẹ̀ Ìlobù kan, wí nígbà tó rí bí ìwé Abọ́dúnrìn ṣe nípọn tó. "Ọwọ́ ò ro yín?"

"Ọwọ́ wo? Ọ̀gá kì í tẹ ẹ̀rọ. Àwọn ọmọṣẹ́ á kọ ọ́, èmi á fọwọ́ sí i, ó parí."

Tíṣà Àgbà fa ojú ìwé àkọ́kọ́, èyí tí orúkọ wà lórí rẹ̀, ya kúrò lára ìwé méjèèjì. Bó ṣe máa ń ṣe ìwé ìdánwò nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ ò lè ṣe é lọ́nà mìíràn mọ́. Ó fi bébà kàlẹ́ńdà bo àwọn ìwé náà, ó sì fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìka méjì ni Abọ́dúnrìn fi gba tirẹ̀. Bó ṣe ń yí mọ́tò padà, ó rí Munirah nínú dígí: ọmọbìnrin náà ṣí ìwé, ó wò ó, ó kúnlẹ̀ níwájú Tíṣà Àgbà, ó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Abọ́dúnrìn bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ti ń bẹ̀bẹ̀," ó sọ fún Yésúfù tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Láti òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun."

Tíṣà Àgbà gba ìwé náà lọ́wọ́ Munirah, ó fi í sínú báàgì rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo títì.

Lọ́jọ́ kẹta, kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣèpàdé kún fọ́fọ́. Abọ́dúnrìn gbé ìwé tó ti fi báírò pupa fín káàkiri sórí tábìlì.

"Ibi mẹ́tàdínlógún," ó ní. "Ọ̀kan péré ni n ó sọ, kí n má bàa fi ìtìjú pa ẹnì kan níhìn-ín." Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya yàrá méjì tó fara kanra sójú pátákó. "Yàrá orúkọ rèé, lẹ́tà ogún ló gbà. Yàrá ìlú rèé. Ẹni tó kọ ọ́ ti fi ìlú sí àyè tirẹ̀ tán, ló wá ń da orúkọ sílẹ̀ láì ka iye lẹ́tà rẹ̀. Bó bá lé lógún ńkọ́?"

Ó fa ìlà ṣọ́ọ̀kì kan láti yàrá orúkọ wọ inú yàrá ìlú.

"Bí ẹni tó ń kọ ebè tí kò wo ààlà ni. Lẹ́tà kọkànlélógún á ya wọ yàrá ìlú, á pa ohun tó bá níbẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kọ orúkọ tó kún ogún, á fi Ìfọ́n tì í nídìí. Oko Ìlobù di ti Ìfọ́n nìyẹn, ẹ̀rọ ò sì ní jampata."

Yésúfù fò dìde. "Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ti fẹ́ gba ilẹ̀ wa!"

"Ẹ jókòó. Mi ò pè é lólè, olè nílò ọpọlọ. Òpè ni. Ó sì hàn pé kò sí ọ̀gá kankan tó yẹ iṣẹ́ yìí wò kó tó jáde."

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Tíṣà Àgbà bi í.

"Ó dá mi lójú, sà. Kí ẹni tó kọ ọ́ má tún sún mọ́ ìwé ilẹ̀ wa láéláé."

Rísíkátù akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Abọ́dúnrìn fọwọ́ sí i láì kà á.

"Munirah, ìwọ ńkọ́?"

Munirah kúnlẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan kà, sà."

Àwọn ará Ìlobù rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ìfọ́n ń wo ilẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́?" ni Abọ́dúnrìn wí.

Tíṣà Àgbà mú ojú ìwé kan tó ti ya jáde láti inú báàgì, ó fi etí rẹ̀ ti etí ìwé tí báírò pupa kún, ó bá a mu rẹ́gí, ó sì ka orúkọ Abọ́dúnrìn tó wà lórí rẹ̀ sókè kó tó wí pé: "Èmi ni mo ṣèèṣì pín in, tí oníkálukú yín fi gba iṣẹ́ ara rẹ̀, Munirah ti dá tirẹ̀ mọ̀, ó dá a padà kí o tó wa mọ́tò dé títì, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń retí kí ìwọ náà padà wá."