Zergaw tó Fẹ́ Dá Nìkan Pẹ́ Láyé

Kò sí àbùmọ́ kankan nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, kí eyín tó kù lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́ já dànù, kò sì ju mẹ́fà lọ mọ́. Abúlé Weyra Amba ló ti ṣẹlẹ̀, lórí òkè, níbi tí òtútù ti ń bu èèyàn jẹ bí ajá.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Zergaw. Ahun ni. Kì í fi oúnjẹ ṣahun, kì í fi aṣọ ṣahun. Ẹ̀mí rẹ̀ ló ń fi ṣahun. Bàbá rẹ̀ kú lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú lẹ́ni ọgọ́ta. Nígbà tí òun náà pé ọgọ́ta, ó lu àyà, ó ní ọgọ́fà ọdún lòun máa lò láyé, kí ẹni tí inú ń bí lọ sinmi.

Ó kọ́kọ́ fi iyọ̀ sílẹ̀. Ó fi ata sílẹ̀, ó fi ọtí sílẹ̀, ó wá ń jẹ bálì bíbọ̀ bí ìbaaka. Láràárọ̀, á fi ẹ̀yìn rìn yí ilé rẹ̀ po nígbà ogójì, torí ó gbà pé ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn, ọjọ́ orí rẹ̀ náà ń padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn á gbé àgbọ̀n sókè, á máa pariwo, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè lágbára. Àwọn ajá abúlé kọ́kọ́ ń dá a lóhùn. Nígbà tó yá, ó sú wọn.

Ìyá Aselefech ló múlé gbè é, opó ẹni ọdún mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún tí eyín rẹ̀ ti tán, tí ẹ̀rín rẹ̀ ò tíì tán. Ilé rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń mu kọfí. Ní Weyra Amba, èèyàn kì í dá kọfí mu. Ẹni tó bá yan án gbọ́dọ̀ pe aládùúgbò. Iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i, ife mẹ́ta ni wọ́n sì ń mu, ẹ̀kẹta ló ní ìbùkún nínú. Tí wọ́n bá mu ìkejì tán tí ẹnì kan ò tíì yọjú, wọ́n á rán èèyàn lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Aselefech ká injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ó fi fa ọbẹ̀ ẹ̀wà, ó nà án sí Zergaw lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn. Zergaw yí ẹnu kúrò.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ iye nǹkan tí ọwọ́ yẹn ti dì mú láàárọ̀ yìí?"

Ìyá Aselefech gbé ọwọ́ náà sókè kí gbogbo ilé lè rí i.

"Ọwọ́ yìí ló gba ẹ̀bí rẹ," ni ìyá náà wí. "Ohun tó dọ̀tí jù tó dì mú rí, ìwọ ni."

Mulatu alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba ihò imú rẹ̀ jáde. Zergaw fò dìde.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o! Iyọ̀ yín, èéfín yín, òfófó yín, òun ló ń pa èèyàn. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn mi, eré ìdárayá ni mò ń ṣe."

"Ẹgbẹ́ ìsìnkú tó ń sin òkú wa ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" ni Mulatu bi í.

"Ẹ yọ orúkọ mi. Ta ló fẹ́ kú níbí?"

"Ó dáa. Tí ẹ bá wá kú, ẹ má wá bá wa o."

Zergaw fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká, ó ga ju orí lọ. Ọdún kan gbáko, ara rẹ̀ le koko, ó sì dà bíi pé òun ló jàre. Ṣùgbọ́n nígbà míì, tí ẹ̀rín bá ta wọlé láti ilé kejì, á dúró, á na etí sí ẹ̀gún, kó lè gbọ́ ẹni tí wọ́n ń bú. Inú rẹ̀ á bàjẹ́ díẹ̀ tó bá rí i pé kì í ṣe òun.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ó ṣí ihò jíjìn tó ń tọ́jú ọkà sí lẹ́yìnkùlé, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbàgbé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ní ìyípo kẹtàdínlógún, ilẹ̀ tán. Egungun ìbàdí rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ.

Ó pariwo. Nínú ihò yẹn ló ti gbóòórùn kọfí tí wọ́n ń yan, ló ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un. Ó ń ka ife lọ́kàn. Lẹ́yìn ìkejì, ó di èémí mú, ó ń retí kí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ẹnì kan ò ní lọ wò ó?" ni Ìyá Aselefech ń wí nílé kejì.

"Ìyá, ṣé ẹ gbàgbé ni? Ó ní a ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn," ni Mulatu dáhùn. "Ìdárayá ni."

Wọ́n mu ìkẹta. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ kejì náà. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn náà ti tín-ín-rín bíi ti ọmọ ológbò. Ìyá Aselefech gbé ife kalẹ̀.

"Ìdárayá wo ló ń jẹ́ kí ohùn èèyàn máa kéré sí i? Mulatu, dìde, òmùgọ̀! Èmi náà, òmùgọ̀ ni mí."

Mulatu fi àáké gé ọgbà ẹ̀gún náà. Okùn ìbaaka ni wọ́n fi fa Zergaw jáde, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí ẹní ìyá náà. Ìyá gbé orí rẹ̀ lé itan, ó fi kọfí kan ètè rẹ̀. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n rò pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì, tàbí kó súre. Zergaw tọ́ kọfí náà wò. Ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ò tó." Ó sì kú, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Mulatu rán wọn létí pé ọkùnrin náà ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ìyá Aselefech ní kó pa ẹnu dé, kó lọ gbẹ́ ilẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ, ó sì sunkún bí ó ṣe ń gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí oúnjẹ, kò sí eré ìdárayá tó lè dípò ẹni tó máa béèrè ẹ tí o kò bá yọjú. Jẹ bálì rẹ, fi ẹ̀yìn rìn tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó lè fà ọ́ jáde nínú ihò. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ láyé kí inú rẹ̀ sì dùn, kó jẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kó la ẹnu gba òkèlè lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìyá Aselefech ṣì ń yan kọfí títí di báyìí. Ohun tí Zergaw sọ kẹ́yìn láyé ni: "Iyọ̀ rẹ̀ ò tó."