Fíríìjì Ojú Ààlà

Hàlímàt Àkànó, ará Ìlobù, ni wọ́n ṣe àìdáa sí ní oṣù kẹta ọdún 1995. Òun fúnra rẹ̀ kò pè é ní àìdáa nígbà náà. Ó ní òfin ni.

Bàrákàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó sì ní àtọ̀gbẹ. Láràárọ̀ àti ní alaalẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń gún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì sí itan. Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń rí oògùn náà rà, kì í sì í sábà sí. Nígbà tí wọ́n bá rí i, ìgò mẹ́rin ni wọ́n ń rà pọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí òmíràn yóò dé. Ibi tútù ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ooru bá mú un pẹ́, kò yàtọ̀ sí omi mọ́.

Inú fíríìjì aládùúgbò kan ni wọ́n ń kó o sí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní, tiransifọ́mà àdúgbò jó, kò sì sí ẹni tó wá tún un ṣe. Hàlímàt kó ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìkòkò amọ̀, ó fi iyanrìn yí i ká, ó ń bu omi sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Nígbà tí oṣù kẹta wọlé, àárọ̀ nìkan ni iyanrìn náà ń tutù.

Ibì kan ṣoṣo ni iná kì í ti í kú. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lójú ààlà Ìlobù àti Ìfọ́n, ìlú méjì tó ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, àwọn òyìnbó kan gbé fíríìjì funfun kan síbẹ̀, wọ́n to àwo dúdú mẹ́fà tó ń gba agbára oòrùn sórí òrùlé, wọ́n sì to bátìrì ńláńlá mẹ́jọ sábẹ́ tábìlì. Oòrùn ń bọ́ bátìrì lọ́sàn-án, bátìrì ń bọ́ fíríìjì lóru. Àgádágodo wà lára rẹ̀. Ọrùn Ọ̀gbẹ́ni Peter Ọlátúnbọ̀sún, ọmọ Ìfọ́n tó ń mójú tó ibẹ̀, ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Hàlímàt kúnlẹ̀ kí i. Peter ní kó dìde, ó fún un ní àga.

"Ìgò mẹ́rin péré ni, sà. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ."

"Mo gbọ́ yín, màmá. Àmọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni wọ́n ní kó máa wọ ibẹ̀." Ó nawọ́ sí ìwé kan lára ògiri. "Ẹ wò ó, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Bí a bá ń ṣí i ṣáá, agbára bátìrì á lọ. Ti àwọn ọmọ abúlé mẹ́tàdínlógún ni."

"Ṣé torí pé ará Ìlobù ni wá ni, sà?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bí ìyá tó bí mi bá gbé omi mímu wá, màá dá a padà ni."

Ó mú un lọ wo bátìrì náà, kó má baà rò pé irọ́ ni. Ọwọ́ aago tó ń fi bí agbára rẹ̀ ṣe kù tó hàn dúró síbi tó kún. Peter ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, kò tíì sún kúrò níbẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́.

Níta, Ọláṣùmbọ̀, ìyàwó tíṣà kan, pọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kó padà wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà ní Ọjọ́bọ̀.

"Ṣé wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Wọn ò gbà á. Ti àwọn ọmọ yín ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá Bàrákàt."

Nígbà tí Soliu, àbúrò Hàlímàt, gbọ́, ó mú irin kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ la ń bá wọn jà. Ṣé òtútù náà ti di ilẹ̀ ni? Àgádágodo yẹn ò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú kan."

Hàlímàt dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Tí oògùn àwọn ọmọ yẹn bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Tí èéyi bá pa ọmọ Ọláṣùmbọ̀ ńkọ́?"

"Bàrákàt ńkọ́?"

"Ọmọ kan ni Bàrákàt."

Bàrákàt wà lórí ẹní, ó ń gbọ́ wọn. "Ẹ gbé irin yẹn sílẹ̀ jàre, bùrọ̀dá Soliu. Bí ọlọ́pàá bá mú yín, ta ni á máa jí bísíkíìtì fún mi?"

Soliu rẹ́rìn-ín. Ó gbé irin náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù náà, Bàrákàt bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láìdúró. Hàlímàt gún un lábẹ́rẹ́, ó tún un gún, ó ṣí ìgò mìíràn, kò ran nǹkan kan. Èémí ọmọ náà ń rùn bí èso tó pọ́n jù. Kò sí epo nílùú. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí mọ́tò tó máa lọ sí Òṣogbo. Ọ̀nà ló kú sí. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó kírun ọ̀sán.

Peter wá kí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ará Ìlobù, àwọn àgbà sì yìn ín.

"Ẹ má bínú sí mi, màmá."

"Mi ò bínú, sà. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń ṣọ́ fún wọn. Ọlọ́run á bá yín ṣọ́ tiyín."

Peter kò gbójú sókè. Kò mu omi tí wọ́n gbé fún un.

Ní oṣù karùn-ún, mọ́tò ìjọba kan dé sí ojú ààlà pẹ̀lú àpótí oníyìnyín mẹ́ta. Àwọn ìyá ọlọ́mọ pàtẹ́wọ́. Hàlímàt bá Ọláṣùmbọ̀ lọ, òun ló gbé ọmọ náà dání, ó fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ òun ni yóò ti gba abẹ́rẹ́ náà.

Peter ṣí àgádágodo, ó ń bó ọ̀rá tí wọ́n fi wé pẹpẹ inú fíríìjì náà láti iléeṣẹ́ tó ṣe é kúrò, kó tó lè rí ibi to àjẹsára àkọ́kọ́ tó máa wọ inú rẹ̀ sí, Hàlímàt sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ fún mi, sà," ṣùgbọ́n Peter kò wẹ̀yìn, ó ń bó ọ̀rá lọ.