Fọ́wọ́ọ̀dù Kúkúrú

Houston, 1986. Kóòṣì yunifásítì wọ pálọ̀ Bàbá Bísọ́lá.

Ó wá wo ọmọ tí wọ́n ní ó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá bí idán.

Ó wo ẹ̀gbẹ́ àga Màmá Àgbà. Orí Bísọ́lá nìkan ló yọ.

"Ọ̀gá, ọmọ yín kúrú jù fún fọ́wọ́ọ̀dù!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Kóòṣì! Sìkọ́láṣíìpù yìí nìkan ló kù tá a gbójú lé."

Kóòṣì fi bírò fagi lé orúkọ ọmọ náà nínú ìwé rẹ̀.

"Àmín" nìkan ni Bísọ́lá ń ṣe sí àdúrà Màmá Àgbà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé.

"Ó tó, Àbẹ̀kẹ́. Dìde lórí ìkúnlẹ̀."

Bísọ́lá dìde. Ó ń dìde. Ó ṣì ń dìde.

Bírò já bọ́ lọ́wọ́ Kóòṣì. Ó kúnlẹ̀ gbì, ó ń wá a, kó lè tún orúkọ náà kọ.

Màmá Àgbà gbọ́wọ́ lé e lórí: "Ẹ ò rí i! Òyìnbó yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé."